Táyà mẹ́rin láti Ládípọ̀ dé Èkìtì: ta ni ká kó o fún?

Lẹ́tà mẹ́jọ la mú lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo wọn ló dá lórí bí táyà àti rímù ṣe ń rìn láti ọwọ́ ẹni tó tà á dé ọwọ́ ẹni tó rà á. A gé àwọn kan kúrú nítorí àyè.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Takisí ni mò ń wà láàrin Ìkéré àti Adó, Corolla 2005 ni mọ́tò mi. Mo fẹ́ ra táyà mẹ́rin pẹ̀lú rímù onírin ní Ládípọ̀, ẹni tó máa bá mi rà á ti wà l'Ékòó. Àwọn kan ní kí n lo wébíìlì gáréèjì, àwọn mìíràn ní ilé iṣẹ́ akẹ́rù ló fọkàn ẹni balẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tírélà ọjà ló pọ́ọ́kú jù. Èwo ni kí n gbà? — Onítakisí, Ìkéré-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì béèrè iye. Ohun tí wọ́n fi ń ka ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, torí àwọn mẹ́ta tí ẹ dárúkọ yìí kì í ka ẹrù bákan náà. Ẹyọ ni onígáréèjì ń kà: ohun tí ọwọ́ bá gbé lẹ́ẹ̀kan, ẹyọ kan nìyẹn lójú tiẹ̀. Ilé iṣẹ́ akẹ́rù ń wọn kílò, àmọ́ bí ẹrù bá tóbi ju bó ṣe wúwo lọ, wọ́n á fi téèpù wọn òòró, ìbú àti gíga rẹ̀, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n á gbowó lé. Onítírélà ní tiẹ̀, àyè ló ń tà. Táyà sì rèé, ihò ńlá ló wà láàrin rẹ̀. Afẹ́fẹ́ la kọ́kọ́ ń sanwó ẹ̀ ká tó kan rọ́bà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Táyà 195/65R15, tí ọ̀pọ̀ Corolla ọdún yẹn ń lò, fẹ̀ tó sẹ́ńtímítà 64 láti etí kan dé èkejì, ó sì nípọn tó sẹ́ńtímítà 20. Àwọn tó ń wọn àyè sábà máa ń sọ òòró, ìbú àti gíga di púpọ̀, wọ́n á wá fi 5,000 pín in. 64 lọ́nà 64 lọ́nà 20 jẹ́ 81,920. Ẹ fi 5,000 pín in, ó di kílò 16.4. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá gbé táyà náà lásán sórí òṣùwọ̀n, bíi kílò 9 ni. Ẹ ó sanwó kílò méje tí kò sí níbẹ̀, lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ibi tó ti wá dùn nìyí. Rímù onírin ínṣì 15 máa ń tó kílò 8. Bí fọkanáísà bá gbé táyà wọ rímù, gbogbo rẹ̀ á di bíi kílò 17, àyè tó gbà kò sì kúrò lójú kan. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń wọn àyè, rímù fẹ́rẹ̀ẹ́ gun mọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Lọ́dọ̀ onígáréèjì tó ń ka ẹyọ, mẹ́rin ló máa kà, kò ní ka mẹ́jọ. Torí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé táyà wọ rímù ní Ládípọ̀ kí ẹrù tó kúrò níbẹ̀. Àmọ́ kí ẹni yín tan tọ́ọ̀ṣì sínú táyà kí wọ́n tó gbé e wọ̀ ọ́, torí tó bá ti wọ̀ ọ́ tán, ojú kò tún lè rí ibi tí wọ́n ti lẹ inú rẹ̀.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á tó bíi kílò 68, ìwọ̀n àgbàlagbà kan. Ẹ fi ìyẹn dúnàá-dúrà. Ẹ béèrè iye tí èèyàn kan ń san láti Èkó sí Adó lọ́jọ́ náà. Bí dírẹ́bà bá pe iye tó ju owó èèyàn kan lọ fún ẹrù tí kò gba ìjókòó kankan, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ti ṣírò. Bó bá gba ìdajì owó èèyàn, ẹ má tún bá a jà mọ́.

Fún táyà mẹ́rin pẹ̀lú rímù onírin, wébíìlì gáréèjì la máa yàn, bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yẹra fún Sienna. Tí èèyàn méje bá ti kó báàgì sí búùtù Sienna, táyà méjì ló kù tó lè gbà. Méjì yòókù á di ti orí ọkọ̀, wọ́n á sì ti okùn bọ ihò rímù kí wọ́n tó fà á le. Láti Èkó dé Adó ju 300 kìlómítà lọ. Kí ọkọ̀ tó gun òkè Ẹ̀fọ̀n, okùn yẹn ti ha ọ̀dà ihò rímù kúrò dé ara irin. Nínú Hiace náà, ẹ ní kí wọ́n má ṣe kó táyà sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ooru rẹ̀ kò yẹ rọ́bà. Kí wọ́n má sì kó o ti kẹ́gì epo. Bẹntiróò, dísù àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń mú rọ́bà rọ̀, á sì wú.

Tírélà dára fún ẹni tó ń kó ogójì táyà. Mẹ́rin tiyín á wà lábẹ́ ẹrù ẹlòmíì, ọjọ́ tí ẹrù bá kún ni ọkọ̀ máa gbéra. Ilé iṣẹ́ akẹ́rù ní tiẹ̀ wúlò nígbà tí owó rímù bá ti pọ̀ débi pé ẹ fẹ́ kí ẹnìkan dá a padà tó bá sọnù. Lọ́dọ̀ wọn, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ìwé àṣẹ NIPOST (ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Nàìjíríà), torí òfin ní kí ilé iṣẹ́ akẹ́rù kékeré ní in. Ẹ béèrè iye tí wọ́n á san bí ẹrù bá sọnù tí ẹ kò kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, àti iye tí wọ́n á san tí ẹ bá kọ ọ́. Ìyàtọ̀ méjèèjì lè yà yín lẹ́nu. Ẹ tún béèrè bóyá ọ́fíìsì wọn fúnra wọn ló wà ní Adó, tàbí wọ́n á fún ẹlòmíràn gbé.

Ohun kan tó wà fún ẹ̀yin ará Ìkéré nìkan: ọ̀nà méjì ni ọkọ̀ Èkó máa ń gbà wá. Ọ̀kan gba Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà, Ìtàwúré àti Àrámọ̀kọ. Èkejì gba Ọ̀rẹ̀, Oǹdó àti Àkúrẹ́, ìyẹn sì ń kọjá níwájú ilé yín kó tó dé Adó. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tó ń gba Àkúrẹ́, ẹ lè gba ẹrù yín ní Ìkéré, owó ọkọ̀ láti Adó padà sílé á dín. Àmọ́ lójú ọ̀nà, kò sí òṣìṣẹ́ gáréèjì tó máa ṣẹlẹ́rìí. Ẹ̀yin àti dírẹ́bà nìkan ni, nítorí náà, ẹ ka ẹrù yín kí ọkọ̀ tó yí ẹsẹ̀.

Ẹ má gbàgbé àwọn owó kéékèèké: kẹ̀kẹ́ tàbí pikọ́ọ̀pù láti Ládípọ̀ dé gáréèjì, owó àwọn tó ń gbé e sọ́kọ̀, owó ìsọ̀kalẹ̀ ní Adó, àti owó ìtọ́jú tí ẹrù bá sùn síbẹ̀. Nígbà míì, àròpọ̀ wọn ju owó wébíìlì fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ béèrè gbogbo rẹ̀ ṣáájú.

Lórí ìwé wébíìlì, "táyà 4" kò tó. Kí wọ́n kọ: táyà 195/65R15 lórí rímù onírin, ẹyọ mẹ́rin, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì 20 nínú ọ̀rá, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà, nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT (kóòdù ẹ̀gbẹ́ táyà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é) ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, nọ́mbà ọkọ̀, fóònù dírẹ́bà, àti bóyá wọ́n ti san owó ní Èkó tàbí Adó ni wọ́n ti máa san án. Kí ẹni yín ya ìwé náà ní fọ́tò, kó sì tún ya ẹ̀yìn ọkọ̀ náà nígbà tí ẹrù ti wà nínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Rímù álọ́ì tòkunbọ̀ ni mò ń tà ní Adó, ọjà Araromi ní Gate, Ìbàdàn, ni mo ti ń kó wọn. Kò sí ìgbà tí ọ̀kan tàbí méjì kì í fara ha. Àwọn oníbàárà á ní kí n gé owó. Báwo ni kí n ṣe máa dì wọ́n? — Oníṣòwò rímù, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Èyí tó ń ha wọ́n jù ni iyanrìn tó wà láàrin rímù méjì. Ọkọ̀ ń mì, iyanrìn ń rìn, á sì máa lọ̀ ọ̀dà bíi sáńpépà. Nítorí náà, fífọ̀ ló kọ́kọ́ yẹ. Ẹ fọ̀ wọ́n ní Gate níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ pátápátá. Ẹ yọ ìdérí àárín, èyí tó ní àmì ilé iṣẹ́ lára, kó wọn sí ọ̀rá kan, kí nọ́ọ̀tì wà nínú ọ̀rá míì. Ìdérí àárín ló máa ń sọnù jù, rímù tí kò sì ní in kò ṣeé tà dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé igi tó gún tàbí rúlà kan dábùú ojú rímù. Bí igi náà bá kan etí rímù lọ́tùn-ún lósì, tí kò kan ọ̀pá àárín, etí rẹ̀ ló yọ jù, ẹ lè kọjú rímù méjì sí ara wọn pẹ̀lú fọ́ọ̀mù láàrin. Bó bá jẹ́ ọ̀pá àárín ló kọ́kọ́ kan igi, ẹ má ṣe dà á bolẹ̀ láéláé, ẹ má sì kọjú rẹ̀ sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ rímù tó ń ha ní ojú, irú èyí ni, ẹni tó sì dì í kò mọ̀.

Gé páálí sí róbótó, kó fi sẹ́ńtímítà méjì ju rímù lọ yí ká. Méjì fún rímù kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ fi fọ́ọ̀mù tín-ínrín tàbí aṣọ àlòkù sí abẹ́ páálí ti iwájú. Fún ìdè, kò sí ohun tó dà bíi tíúbù àtijọ́ tí fọkanáísà ti gé bíi sẹ́ńtímítà mẹ́ta ní ìbú. Á fà mọ́ ọn, kò sì ní ha á, bí ẹ bá ti nù ún. Okùn ọ̀rá líle máa ń jẹ ọ̀dà. Ẹ má ṣe lẹ téèpù mọ́ ọ̀dà tààrà, torí oòrùn á yan gọ́ọ̀mù rẹ̀ mọ́ ọn.

Méjì méjì ni kí ẹ máa so pọ̀. Rímù álọ́ì ínṣì 16 mẹ́rin lè lé ní kílò 30, ẹrù tí ẹnì kan kò sì lè rọra sọ̀, jíju ni wọ́n á ju ú. Bí ẹ bá rí i pé nǹkan kékeré kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fálífù nínú rímù, ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ táyà ni, kò sì lágbára. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun tì í.

Páálí tí a kọ orúkọ sí lè ya. Ẹ fi máákà kọ orúkọ àti fóònù yín sí inú ikùn rímù, níbi tí táyà máa bò, pẹ̀lú 1/4, 2/4 títí dé 4/4. Nígbà tí ẹnìkan ní Adó bá sọ pé "mẹ́ta ló dé", ẹ ó mọ èyí tí kò dé.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra táyà tuntun mẹ́rin, mo ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo tú u, méjì wà nínú méjì. Ẹ̀gbẹ́ àwọn ti inú ti ká, kò rí róbótó. Ẹni tó tà á ní tí mo bá sá a sóòrùn, á ṣí padà. Ṣé òótọ́ ni? — Olùkọ́, Ìdó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe òótọ́. Ẹ dá méjèèjì padà.

Ó ti pẹ́ tí wọn kò ṣe táyà mọ́ ní Nàìjíríà. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007. Inú kọ̀nténà ni táyà tuntun ń bá wá, àyè kọ̀nténà sì wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ki táyà bọ inú táyà, nígbà míì mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. SON, àjọ tó ń ṣọ́ ìwọ̀n ọjà, ti kìlọ̀ nípa irú èyí lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì ti gbẹ́sẹ̀ lé wọn. Bóyá kọ̀nténà ni wọ́n ti ki tiyín bọra, bóyá ẹni tó dì í fún bọ́ọ̀sì ló fẹ́ kó di ẹyọ méjì dípò mẹ́rin, ìpalára kan náà ni.

Etí táyà, ibi tó ń di rímù mú, ní wáyà irin tó yí i ká nínú. Wáyà yẹn ló ń jẹ́ kí táyà má já kúrò lára rímù. Rọ́bà lè na padà, àmọ́ wáyà tó bá ti ká, ojú ibi tó ti ká kò kúrò níbẹ̀. Oòrùn á mú rọ́bà rọ̀, táyà á dà bíi pé ó ti dára, ẹ ó sì sọ ẹ̀rí nù.

Ẹ dà á sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì títẹ́: ṣé ó jókòó dọ́gba? Ẹ fi téèpù wọn ihò rẹ̀ láti etí dé etí ní ọ̀nà mẹ́rin. Bí ìyàtọ̀ bá hàn, wáyà ti ká. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, kí ẹ wá ìlà tó ṣẹ́ dábùú ẹ̀gbẹ́. Bí fọkanáísà bá gbé irú táyà yìí wọ rímù, etí rẹ̀ kò ní bọ́ sí àyè, á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n afẹ́fẹ́ kún un ju ìwọ̀n lọ kí ó lè dún "pó". Ẹ má ṣe dúró nítòsí. Bó bá sì wọlé náà, yóò máa gbọ̀n lọ́wọ́ yín tí ẹ bá ti ń sáré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè yọ kókó, á sì bẹ́ nígbà tí ẹ kò retí.

Bí ẹ ti ń wò ó, ẹ ka DOT rẹ̀. Nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, máa ń kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n má lo táyà kọjá ọdún mẹ́rin láti ìgbà tí wọ́n ṣe é. "Tuntun" kò túmọ̀ sí pé òní ni wọ́n ṣe é.

ÌBÉÈRÈ: Táyà tó ti wà lórí rímù, ṣé ká tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀? — Mẹkáníìkì, Ìjerò-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ dín in kù, ẹ má tú u tán. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ 32 psi ló ń gbé, ẹ fi sí bíi 15 sí 20. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń jẹ́ kí etí táyà jókòó sí àyè rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ táyà dúró síta ju etí rímù lọ, kó lè gba ìkọlù dípò rímù. Tó bá ṣófo pátápátá tí wọ́n wá fi okùn fà á, etí rímù á fún ẹ̀gbẹ́ táyà pọ̀. Bó bá máa gun ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀pọ̀ akẹ́rù ló máa ní kí ẹ dín afẹ́fẹ́ kù kí wọ́n tó gbà á. Ẹ dé ẹnu fálífù, kí iyanrìn má wọ̀ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo san wébíìlì lẹ́ẹ̀mejì, lílọ àti bíbọ̀, torí pé rímù Camry tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò wọ Corolla mi. Ẹni tó tà á ní Toyota kan náà ni gbogbo wọn. — Oníbàárà, Ìgèdè-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Toyota kan náà ni lóòótọ́, ihò ni kò dọ́gba. Corolla 2003 sí 2008 ń lo ihò nọ́ọ̀tì márùn-ún tó tò lórí róbótó tó fẹ̀ tó mìlímítà 100. Camry ń lo ihò márùn-ún lórí 114.3. Ihò àárín náà yàtọ̀: 54.1 fún Corolla yẹn, 60.1 fún Camry.

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi rúlà wọ̀n láti àárín ihò nọ́ọ̀tì kan dé àárín ihò tó tẹ̀ lé e, kó sì ya fọ́tò rúlà náà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ bíi mìlímítà 59, róbótó 100 ni. Bó bá jẹ́ bíi 67, 114.3 ni. Rímù oníhò mẹ́rin ní tiẹ̀ rọrùn: láti àárín ihò kan dé àárín èyí tó kọjú sí i gan-an ni. Fọ́tò kan ṣoṣo ni, ó sì dín owó ju dúnàá-dúrà wákàtí kan pẹ̀lú dírẹ́bà lọ.

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù ní táyà tòkunbọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ó pọ́ọ́kú gan-an. Ó fẹ́ fi mẹ́jọ ránṣẹ́ fún bọ́ọ̀sì ilé ìwé wa. Ọkọ̀ ojú omi ni kó lò àbí ọkọ̀ òfuurufú? — Ìyá kan, Ìkọ̀lé-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Mà, kó má fi ránṣẹ́. Táyà àlòkù wà lára ohun tí ilé iṣẹ́ Kọ́sítọ̀ọ̀mù kò gbà láàyè kó wọ Nàìjíríà. Táyà lọ́rì ńlá, 11.00 lọ́nà 20 sókè, tí wọ́n fẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe, nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Pé ẹ rí i lójú títì Adó kò sọ pé òfin gbà á. Ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń wà nínú kọ̀nténà kan. Bí wọ́n bá dá a dúró nítorí táyà yín, ẹrù ẹlòmíràn náà dúró.

Ohun míì tún wà níbẹ̀. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, òfin ní jíjìn ìlà ojú táyà kò gbọ́dọ̀ dín ní mìlímítà 1.6, táyà tuntun sì sábà máa ń tó 8. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń bọ́ nígbà tó ti sún mọ́ 1.6 yẹn. Ohun tí àbúrò yín ń rí ní pọ́ọ́kú, òpin ayé rẹ̀ ló ti dé.

Ọkọ̀ òfuurufú kò tilẹ̀ yẹ ní sísọ. Mẹ́jọ, bí a ti ṣe ìṣirò rẹ̀ lókè fún táyà ínṣì 15, jẹ́ kílò 131 ní àyè, bẹ́ẹ̀ kò ju bíi 72 lọ lórí òṣùwọ̀n. Bó bá jẹ́ táyà tuntun, ọkọ̀ ojú omi ni, èyí tí wọ́n ń ṣírò ní kúbíìkì mítà, ìyẹn òòró lọ́nà ìbú lọ́nà gíga. Mẹ́jọ á gba bíi 0.66. Àmọ́ táyà tuntun tó ń bá òkun wá nílò ìwé SONCAP, ìwé ẹ̀rí SON fún ọjà tó ń ti òkè òkun wọlé. Ẹ rà á níbí, lọ́wọ́ ẹni tó máa jẹ́ kí ẹ ka DOT. Fún bọ́ọ̀sì ọmọ ilé ìwé, ẹ tún wo lẹ́tà C lára rẹ̀, bíi 195R15C: ó fi hàn pé táyà tó lè ru ẹrù ni.

ÌBÉÈRÈ: Rímù mi mẹ́rin dé Adó, etí ọ̀kan ti ká. Wọ́n ní mo ti buwọ́ lùwé, pé "ewu lọ́rùn ẹlẹ́rù" ni wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé. Ṣé ó tán síbẹ̀? — Ọ̀dọ́ kan, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Kò tán, ó kàn ti le díẹ̀ ni, torí ìbuwọ́lùwé yín ń sọ pé ó dé láìlábùkù. Ẹ kọ̀wé sí wọn lónìí, kódà lórí WhatsApp, pẹ̀lú fọ́tò ibi tó ká, fọ́tò ìwé, àti fọ́tò tí wọ́n ya níbi tí wọ́n ti gbé e. Bí kò bá sí fọ́tò ìbẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ yín ti rọ. Bí ilé iṣẹ́ akẹ́rù ni, tí wọn kò dáhùn, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń gba ẹ̀sùn. Bí gáréèjì ni, alága gáréèjì tí wọ́n ti kọ ìwé ni kí ẹ bá sọ ọ́, ẹ má dúró de dírẹ́bà. Dírẹ́bà ti wà lójú ọ̀nà Èkó.

Lọ́jọ́ míì, ẹ tú u níwájú wọn. Ẹ yí rímù kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ títẹ́, tó bá ń jó, etí rẹ̀ ti ká. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀: "ọ̀kan, 3/4, etí rẹ̀ ti ká." Ẹ kọ ọ́ sórí ẹ̀dà tiwọn pẹ̀lú. Rímù onírin tó ká díẹ̀, ẹni tó ń na rímù lè tọ́ ọ. Álọ́ì tó bá ti la, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n jó o pọ̀ kí ẹ wá gbé e sẹ́sẹ̀ iwájú.

ÌBÉÈRÈ: Láti Adó sí Ọmùò ńkọ́? Kò sí ilé iṣẹ́ akẹ́rù tó ń dé ọ̀dọ̀ wa. — Fọkanáísà, Ọmùò-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ọkọ̀ èrò tó ń gba Ìfàkì, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé ni. Ẹ wá èyí tó ń lọ tààrà, torí níbi tí ẹrù bá ti pààrọ̀ ọkọ̀ ló ti ń dín ní iye. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ fi sọ́kọ̀, kí ẹ lè rí i gbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó bá jẹ́ ọ̀kadà ló máa gbé e láti gáréèjì dé ṣọ́ọ̀bù, táyà méjì lẹ́ẹ̀kan ti tó. Kí ó dà wọ́n dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kó fi tíúbù dè wọ́n ní àgbélébùú, kó má sì jẹ́ kí ọ̀kan kan ẹ̀gbẹ́ sáléńsà.